Species kan, species méjì: ẹ má gé s ìdí rẹ̀

Ọmọkùnrin kan gbé pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Iṣẹ́ lórí ata ni, ata tí wọ́n ń tà lọ́jà Bódìjà níbí ní Ìbàdàn. Ọmọ náà ṣiṣẹ́. Ó wọn gígùn èso, ó ka hóró inú wọn, ó ya fọ́tò òdòdó wọn láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Ṣùgbọ́n mi ò tíì kúrò lójú ìwé kìíní tí mo fi bá gbólóhùn yìí pàdé: "This specie of pepper is common in Ibadan." Mo mú bírò pupa, mo fi s sí ìdí "specie". Ó wò mí, ó ní, "Ẹ má bínú mà, ẹyọ kan ni mò ń sọ níbẹ̀. Ibi tó bá ti di méjì ni mo ti fi s sí i."

Kò ṣe àfojúdi, ohun tí orí rẹ̀ sọ fún un ló sọ. Ọdún 26 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ girama ní bàọ́lọ́jì kí n tó fẹ̀yìn tì tí mo ṣí ibi ìtẹ̀wé kékeré yìí, àìmọye ìgbà ni mo sì ti gbọ́ irú ìdáhùn yẹn. Èmi náà kọ "specie" nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Olùkọ́ tó ka iṣẹ́ mi fa ìlà pupa sí gbogbo rẹ̀, ó dá a padà fún mi, kò sọ ìdí kankan. Ó pẹ́ gan-an kí n tó mọ ìdí rẹ̀. Mi ò fẹ́ kó pẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíì, torí náà mo ní kí ọmọ náà fa àga sún mọ́ mi, a sì lo bíi wákàtí méjì lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí. Ohun tí mo bá a sọ ni mo ń kọ síbí.

Species ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú ẹ̀dá kan, ìbáà jẹ́ ewéko tàbí ẹranko. Species kan, species ni. Species ọgọ́rùn-ún, species náà ni. S tó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe s ọ̀pọ̀. Ara ọ̀rọ̀ náà ló wà látilẹ̀, bí s ṣe wà lára "bus" àti "gas". Kò sẹ́ni tó máa rí ọkọ̀ kan ṣoṣo ní Mókóla kó sọ pé torí pé ẹyọ kan ni, "bu" ni òun máa kọ.

Èdè Látìn ni wọ́n ti mú un wá. Ọ̀rọ̀ ìṣe kan wà níbẹ̀, *specere*, tó túmọ̀ sí kí èèyàn wo nǹkan. Ara rẹ̀ ni *species* ti jáde: ìrísí nǹkan, bó ṣe rí lójú, irú tó jẹ́. Nínú Látìn fúnra rẹ̀, bí ọ̀rọ̀ yìí bá jẹ́ olùwà gbólóhùn, bákan náà ni wọ́n ń kọ ọ́ fún ẹyọ àti fún ọ̀pọ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á bó ṣe wà, wọn ò fọwọ́ kan ìdí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ "spice" tí wọ́n ń pe èròjà ọbẹ̀ náà, ibì kan náà ló ti wá: nígbà tó yá, àwọn tó ń sọ Látìn bẹ̀rẹ̀ sí í pe ọjà lóríṣiríṣi ní *species*, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ayé àtijọ́, wọ́n ń pè é ní "espice", ibẹ̀ ló gbà dé Gẹ̀ẹ́sì. Inú ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ lórí ata yìí dùn sí ìyẹn gan-an, ó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé rẹ̀.

"Specie" tí kò ní s wà nínú Gẹ̀ẹ́sì o. Owó ni. Owó onírin ni, pàápàá ti wúrà àti fàdákà, tí wọ́n fi ń yà á sọ́tọ̀ kúrò lára owó bébà. Ní 1836, Ààrẹ Andrew Jackson ti Amẹ́ríkà ní kí wọ́n pàṣẹ pé wúrà àti fàdákà ni kí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá ń ra ilẹ̀ ìjọba, kì í ṣe bébà báńkì. "Specie Circular" ni orúkọ tí ìtàn fún àṣẹ náà. Torí náà, ẹni tó bá kọ "this specie of yam" ti fi owó ṣe iṣu. Ohun tó sì jẹ́ kí àṣìṣe yìí pẹ́ láàárín wa tó báyìí nìyẹn: kọ̀ǹpútà kì í fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú dikíṣọ́nárì ni, kọ̀ǹpútà gbà pé owó lẹ ní lọ́kàn.

Ohun kan wà tí mi ò gbọ́ lẹ́nu olùkọ́ kankan rí, tó jẹ́ pé ìgbà tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ fúnra mi ni mo ṣàkíyèsí rẹ̀. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí ló yẹ kó rọ Yorùbá lọ́rùn jù. A kì í fi nǹkan kan sí ìdí ọ̀rọ̀ orúkọ bó bá di púpọ̀. Ewúrẹ́ kan, ewúrẹ́ méjì, ewúrẹ́ wọ̀nyí. Ewúrẹ́ kò yí padà, ọ̀rọ̀ tó dúró tì í ló ń sọ iye rẹ̀. Bí species ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn. Ilé ìwé ló kọ́ wa pé s ni ọ̀pọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì, a sì gba ẹ̀kọ́ náà tọkàntọkàn débi pé níbi tí a bá ti rí s ìparí, ọwọ́ wa á ti máa yún wa láti yọ ọ́.

Torí náà, ẹ má wo ìdí species, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ máa wò. "This species grows in the forest": ẹyọ kan ni, "this" sọ bẹ́ẹ̀, "grows" náà sọ bẹ́ẹ̀. "These species grow in the forest": ó ti di púpọ̀, "these" àti "grow" ló sọ ọ́. Species kò mira. "A species", "each species", "every species", "another species", ẹyọ ni gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ ìṣe ẹyọ ni wọ́n sì ń bá rìn: "each species has", "every species needs". "Two species", "many species", "several species", "both species" ń bá ọ̀rọ̀ ìṣe ọ̀pọ̀ rìn: "both species have", "several species need". Èyí tó máa ń gbé àwọn ọmọ ṣubú jù ni "one of the species". Species tó wà níbẹ̀ jẹ́ ọ̀pọ̀, ṣùgbọ́n "one" ló ni ọ̀rọ̀ ìṣe, torí náà "one of the species is yellow" ni, kì í ṣe "are".

Ibì kan wà tí òfin gírámà kò ti lè gbà yín, àfi òye. Ẹ wo gbólóhùn yìí: "The species can survive a long dry season." Kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mélòó ni? "Can" kì í yí padà, "the" kì í yí padà, species náà kì í yí padà, òǹkàwé ò sì ní ibi kankan tó máa di mú. Bí ẹni tó sọ pé "ewúrẹ́ wọ oko" ni, tí a kò mọ̀ bóyá ọ̀kan ni tàbí agbo. Bí irú rẹ̀ bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ tó ń sọ iye sí i: "This species can survive", "All three species can survive". Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ìṣe tó ti kọjá ṣe máa ń rí, "the species grew", "the species died". Mo ti ka ìwé tí ènìyàn ṣe dáadáa tó jẹ́ pé orí kẹrin ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe ewéko kan ṣoṣo ló gbìn.

Ní ti pípè rẹ̀, "spíṣíìsì" àti "spísíìsì" làwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, méjèèjì ló tọ̀nà. Ẹ má ṣáà gbé ìró ìparí yẹn mì.

Kíkọ rẹ̀ dáadáa ló rọrùn jù. Mímọ ohun tó yẹ ká pè bẹ́ẹ̀ ló gba sùúrù. "Irú" ni mo máa ń fi túmọ̀ species fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, ṣùgbọ́n mo máa ń kìlọ̀ fún wọn pé irú fẹ̀ ju species lọ. Bí ẹnì kan bá bi yín pé irú adìyẹ wo lẹ fẹ́ rà, tí ẹ ní bùrọ́ílà, tí ẹlòmíì ní adìyẹ ìbílẹ̀ lòun fẹ́, species kan náà lẹ̀yin méjèèjì fẹ́ rà. Àkùkọ ìbílẹ̀ lè gun bùrọ́ílà, ẹyin á pa, òròmọdìẹ tó bá jáde á dàgbà, òun náà á yé ẹyin. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ fún irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín ẹran ọ̀sìn, "breed" ni. Fún ohun ọ̀gbìn, "variety" ni. TMS 30572 tí àwọn IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà níbí ní Ìbàdàn, mú jáde jẹ́ variety kan lára ẹ̀gẹ́, kì í ṣe species tuntun. *Manihot esculenta* ni orúkọ rẹ̀ nínú sáyẹ́ǹsì, *Manihot esculenta* náà sì ni ẹ̀gẹ́ tí ìyá mi àgbà gbìn sẹ́yìn ilé kí wọ́n tó dá IITA sílẹ̀ ní 1967.

Kí wá ni ààlà? Èyí tí àwọn onímọ̀ ẹranko sábà máa ń lò ni Ernst Mayr, onímọ̀ nípa ẹ̀dá alààyè, gbé kalẹ̀ ní 1942: àwọn ẹ̀dá tó ń gun ara wọn tí wọ́n sì ń bímọ láàárín ara wọn, tí wọn kì í bá ẹ̀dá mìíràn bí ọmọ tó máa bímọ tirẹ̀. Ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni mo fi máa ń ṣàlàyé rẹ̀. Akọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lè gun abo ẹṣin, wọ́n á sì bí ìbaaka. Ìbaaka lágbára, ó ń ru ẹrù, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ìbaaka tó ń bímọ. Ọ̀nà náà parí sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹṣin fi jẹ́ *Equus caballus*, tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sì jẹ́ *Equus asinus*: ilé kan náà, species méjì. Ìlànà yìí kò bá ohun gbogbo mu, torí bakitéríà kì í gun ara wọn, ọ̀pọ̀ ewéko sì ń bá ewéko tí kì í ṣe species wọn dọ́mọ, ọmọ náà á sì tún so èso. Ṣùgbọ́n fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ó tó gbára lé.

Ibi tí pírójẹ́ẹ̀tì ọmọ yìí ti ní ìṣòro gidi rèé. Lójú ìwé kejì, ó kọ ọ́ pé òun ṣiṣẹ́ lórí "five specie of Capsicum" (Capsicum ni orúkọ ilé ata nínú ìmọ̀ ewéko): tàtàṣé, atarodo, ṣọ́ńbọ̀, ata wẹ́wẹ́ àti ataare. Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ̀ pé márùn-ún ni. Ó ní orúkọ márùn-ún làwọn aláta pè fún òun.

Orúkọ ọjà kì í ṣe orúkọ species. Ataare kì í tilẹ̀ ṣe *Capsicum* rárá. *Aframomum melegueta* ni, ọ̀dọ̀ àwọn atalẹ̀ ló wà. Atalẹ̀ fúnra rẹ̀ ni *Zingiber officinale*. Iyèré tí wọ́n ń fi sí ọbẹ̀ ìyá ọlọ́mọ tuntun tún yàtọ̀, *Piper guineense* ni. Àwọn baba wa tó pe gbogbo ohun tó ń ta lẹ́nu ní ata kò ṣàṣìṣe, ahọ́n ni wọ́n fi pín in. Linnaeus, onímọ̀ ewéko, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi òdòdó àti èso pín tiwọn. Ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, èyí tí ẹ bá sì ń dáhùn ni kí ẹ lo ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Nígbà tí a yọ ataare kúrò, ó ku mẹ́rin. Atarodo ni *Capsicum chinense*. Orúkọ náà jọ bíi pé Ṣáínà ló ti wá, kò sì rí bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo *Capsicum* ti ṣẹ̀. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ ló ṣì í gbọ́, ṣùgbọ́n orúkọ tí wọ́n ti sọ ewéko kì í yí padà torí pé ìtumọ̀ rẹ̀ kò bá a mu. Ata wẹ́wẹ́ ni *Capsicum frutescens*. Tàtàṣé ni *Capsicum annuum*. Ṣọ́ńbọ̀ ló ku, mo sì bi í bóyá ó mú un lọ sí hábéríọ́ọ̀mù, ilé tí wọ́n ń kó ewéko gbígbẹ pamọ́ sí pẹ̀lú orúkọ wọn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì yọ ìwé náà jáde: *Capsicum annuum* ni wọ́n kọ síwájú èyí tó mú lọ. Mo ní ó dára, a jẹ́ pé tàtàṣé ẹ àti ṣọ́ńbọ̀ ẹ, species kan ni wọ́n, variety ló yàtọ̀. Ẹnu yà á, torí èyí ṣe gbọọrọ, èyí sì ṣe rọ̀bọ̀tọ̀. Mo ní kó wo ajá ìta wa àti ajá ńlá tí àwọn ṣọ́jà ń lò. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣe iṣẹ́ lórí ewé ní àgbègbè wa, ẹ má fojú fo hábéríọ́ọ̀mù yìí. Forest Herbarium Ibadan wà ní Jericho, nínú ọgbà ilé iṣẹ́ ìwádìí igbó, FHI sì ni lẹ́tà tí wọ́n fi ń ṣáájú nọ́ńbà ewé tí wọ́n bá gbà lọ́wọ́ yín. Nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ kọ sínú iṣẹ́ yín, kí ẹni tó bá ń jiyàn lè lọ wo ewé náà fúnra rẹ̀.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé orúkọ wa kì í bá tiwọn mu láé. Obì wà níbẹ̀. Obì àbàtà ni *Cola acuminata*, obì gbànja ni *Cola nitida*. Gbànja máa ń là sí awẹ́ méjì, àbàtà á là sí mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀, ìdí sì nìyẹn tó fi jẹ́ àbàtà ni wọ́n ń dà. Iye awẹ́ yìí náà làwọn onímọ̀ ewéko fi ń dá wọn mọ̀. Ẹni tó ń da obì ní Ifẹ̀ àti ẹni tó jókòó ti máíkírósíkóópù rí ohun kan náà. Orógbó ni ẹ ṣọ́ra fún. *Garcinia kola* ni, pẹ̀lú k, kò sì sí nínú ilé *Cola* rárá.

Ó kan bí a ṣe ń kọ orúkọ náà. Carl Linnaeus ará Swídìn ló fi ọ̀nà olórúkọ méjì yìí lélẹ̀, ìwé rẹ̀ *Species Plantarum* tó jáde ní 1753 ló sì jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ewéko títí dòní. Àkọlé ìwé náà gan-an túmọ̀ sí àwọn irú ewéko. Ọ̀pọ̀ ni species tó wà níbẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ewéko ló wà nínú ìwé náà, kò sì sí s mìíràn tó fi kún un.

Ọ̀rọ̀ kìíní jẹ́ orúkọ genus, bí orúkọ agbo ilé. Ọ̀rọ̀ kejì ló ń dá ẹni náà mọ̀ láàárín àwọn ará ilé. Ẹ wo bó ṣe bá èdè wa mu: Gẹ̀ẹ́sì á ní "bitter leaf", "water yam", ohun tó ń ṣàpèjúwe ló ń ṣáájú. Àwa á ní obì àbàtà, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, orúkọ ńlá ṣáájú, ìyàtọ̀ tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ ni Linnaeus náà ṣe é. Ewùrà ni *Dioscorea alata*. *Alata* yìí kì í ṣe aláta tiwa o, ohun tó ní ìyẹ́ ni ó túmọ̀ sí ní Látìn, torí pé ìtàkùn ewùrà ní etí pẹlẹbẹ tó yọ lára rẹ̀ bí ìyẹ́. Ẹ fọwọ́ kàn án lóko, ẹ ó mọ̀ ọ́n.

Lẹ́tà ńlá ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kìíní, lẹ́tà kékeré ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ìkejì, kódà bó bá jẹ́ pé orúkọ ìlú ló ti wá. Ọ̀pẹ ni *Elaeis guineensis*, g kékeré. Méjèèjì gbọ́dọ̀ wà ní ítálíìkì, lẹ́tà tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bó bá jẹ́ ọwọ́ lẹ fi ń kọ ọ́, bíi nínú gbọ̀ngán ìdánwò, ẹ fàlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ìlà méjèèjì má pàdé. Bí ẹ bá rí L. lẹ́yìn orúkọ, bíi *Zea mays* L., Linnaeus ló dúró fún, òun ló sọ àgbàdo lórúkọ yẹn, L. kì í wọ ítálíìkì.

Orúkọ species ni ọ̀rọ̀ méjèèjì papọ̀. Ẹ má kọ "the species alata" láé, torí *alata* nìkan kì í ṣe orúkọ ẹnikẹ́ni. *Senna alata* wà, ìyẹn ewé àsúnwọ̀n òyìnbó tí wọ́n fi ń pa làpálàpá lára. Ẹni tó bá lọ ra "alata" fún egbò awọ, ewùrà lè bá a délé. Bí ẹ bá ti kọ orúkọ náà tán pátá lẹ́ẹ̀kan, ẹ lè gé ti genus kúrú lẹ́yìn ìyẹn, *D. alata*, ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú pé kò sí genus mìíràn tó fi lẹ́tà yẹn bẹ̀rẹ̀ nínú iṣẹ́ yín. *E. coli* tí gbogbo ayé mọ̀ ni *Escherichia coli*, bakitéríà. *Entamoeba coli* náà wà, àmébà ni, inú ìfun èèyàn kan náà sì ni wọ́n ń gbé. Nínú iṣẹ́ lórí ìgbẹ́ gbuuru, ìkékúrú yẹn nìkan lè sọ ìwé yín di rúdurùdu.

Lẹ́yìn náà ni "sp." àti "spp." tí ọ̀pọ̀ ń lò bí ẹni pé ohun kan náà ni wọ́n. Ibí nìkan ni ọ̀pọ̀ ti fara hàn lára ọ̀rọ̀ yìí, p ni wọ́n sì fi sọ ọ́, kì í ṣe s. "*Capsicum* sp." túmọ̀ sí pé species kan ni, mo mọ ilé rẹ̀, mi ò tíì mọ orúkọ tirẹ̀. "*Capsicum* spp." túmọ̀ sí pé wọ́n ju ọ̀kan lọ. Bí "p." àti "pp." ṣe wà fún ojú ìwé náà nìyẹn. Àmì ìdánudúró máa ń tẹ̀lé wọn, wọn kì í sì í wọ ítálíìkì. Ọmọ yìí ti kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán kan pé "*Capsicum* spp.", bẹ́ẹ̀ èso kan ṣoṣo ló wà nínú àwòrán.

Àṣìṣe gígé s yìí kì í dúró sára species nìkan. "Homo sapien" kò sí. *Homo sapiens* ni, ẹnì kan tàbí gbogbo ayé, torí *sapiens* jẹ́ ẹyọ ní Látìn, ọlọgbọ́n ló túmọ̀ sí. *Anopheles* náà, s rẹ̀ kì í ṣe ti ọ̀pọ̀. Ẹ̀fọn kan ṣoṣo ni *Anopheles* bó ti wù kó dá wà tó lára ògiri. Genus tiẹ̀ ń yí padà ní tirẹ̀, ó di "genera" bó bá pọ̀. Bacteria sì ni òdìkejì gbogbo wọn: kò ní s rárá, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ni, "bacterium" ni ẹyọ rẹ̀.

Bí ìwé yín bá ti wà lórí kọ̀ǹpútà, tí "specie" sì ti kún inú rẹ̀, ẹ má fi ọwọ́ tún un níkọ̀ọ̀kan, ojú á fo òmíì. Ẹ tẹ Ctrl àti H nínú Word. Ẹ kọ specie sókè, species sísàlẹ̀. Kí ẹ tó tẹ ohunkóhun, ẹ tẹ More, kí ẹ sì sàmì sí "Find whole words only". Bí ẹ ò bá ṣe èyí, gbogbo ibi tí ẹ ti kọ species dáadáa tẹ́lẹ̀ máa di "speciess", torí kọ̀ǹpútà máa rí specie nínú wọn. Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọbìnrin kan lọ́jọ́ tí wọ́n máa gba iṣẹ́, a sì jọ wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe é tán, ẹ tún wá "this species are" àti "these species is", torí ọ̀rọ̀ ìṣe ò ní tẹ̀ lé e yí padà fúnra rẹ̀. Ẹ wo inú téébù àti abẹ́ àwòrán. Ẹ sì wo èèpo ìwé kí ẹ tó gbé e fún ẹni tó ń di ìwé, torí lẹ́tà tí wọ́n bá ti fi góòlù tẹ̀ sára èèpo líle kì í ṣeé pa rẹ́.

Kí ọmọ aláta mi tó lọ, àkọlé iṣẹ́ rẹ̀ ti yí padà. Ataare ti kúrò níbẹ̀, tàtàṣé àti ṣọ́ńbọ̀ ti wà lábẹ́ orúkọ kan. A tẹ ojú ìwé àkọ́kọ́ jáde kó lè rí i: "Fruit characters of three *Capsicum* species sold in Bodija Market, Ibadan". Ó kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi ìka kan s ìparí species, ó ní, "Ṣé èyí ni ti ọ̀pọ̀, mà?"

Mo ní ọ̀pọ̀ ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n kó gbé ìka rẹ̀ kúrò níbẹ̀, kó gbé e lọ sórí "three".